Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀fọ́rí Tí Oògùn Ibà Kò Wò: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilẹ̀ Kétu Mọ̀ Nípa Àrùn Fọ́ńgọ́ọ̀sì

Ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété, bí orí bá ti ń fọ́ ènìyàn, ibà ni a máa ń kọ́kọ́ pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí kan wà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, tí oògùn ibà kì í wò. Ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ló ń pa, ó sì ń pa á ní ìgbà tí àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ti wà láyé. Ka ìwọ̀nyí, kí o sì kà á sétí ẹlòmíràn.

Ibo ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbé, ta ni wọ́n ń mú?

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, olú tí à ń ṣà nínú igbó lẹ́yìn òjò, àti làpálàpá tó ń yọ lórí ọmọdé, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn? Irú wọn tó wà láyé pọ̀ jáǹrẹrẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló lè pa ènìyàn.

Ṣé o mọ̀ pé ojoojúmọ́ la ń fà wọ́n símú? Wọ́n wà nínú eruku aká àgbàdo, nínú ilẹ̀pa, nínú igi tó ti jẹrà. Ara tó dá ṣáṣá a máa pa wọ́n run, ẹni tó ni ara kò sì ní mọ̀ rárá.

Ṣé o mọ irú ẹni tí wọ́n ń rí mú? Ẹni tí kòkòrò HIV, tí àwọn ará Benin ń pè ní VIH, ti jẹ agbára ara rẹ̀ nítorí pé kò lo oògùn. Ẹni tó ń gba oògùn àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti kọjá àkóso. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Àti ẹni tó ti ń lo dexamethasone tàbí prednisolone láti ọjọ́ pípẹ́, ì báà jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún un, ì báà jẹ́ pé ó rà á lọ́jà nítorí oríkèé ríro.

Ṣé o mọ̀ pé ìtàn Kétu lè là á yé wa? Odi ìlú yìí le, ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà sì ṣì dúró títí dòní. Síbẹ̀, lọ́dún 1886, lẹ́yìn tí ìdótì ti febi pa àwọn tó wà nínú ìlú, ogun Dahomey wọlé. Ọ̀nà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbà wọ ara nìyẹn: ó ń dúró de ọjọ́ tí okun àwọn ẹ̀ṣọ́ bá tán. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, CD4 ni orúkọ irú ẹ̀ṣọ́ kan tí HIV ń dìídì pa. Bí iye wọn bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ, àwọn onímọ̀ a ní àrùn HIV ti dé ìpele tó le. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 100 lọ, ewu fọ́ńgọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣé o mọ orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa ènìyàn jù láàrin àwọn tó ní HIV? Cryptococcus neoformans ni. Inú ilẹ̀ tí imí ẹyẹlé ti pọ̀ àti inú igi jíjẹrà ló máa ń wà. Ọdún 1894 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ rí i, lára aláìsàn kan ní ilẹ̀ Jámánì, àti nínú omi èso ní ilẹ̀ Ítálì.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í kó o láti ara ẹlòmíràn? Kò sí nínú àwo oúnjẹ, kò sí lórí ẹní, kò sí nínú ìdìmọ́ra. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn yìí lè fún un lóúnjẹ, kó wẹ̀ ẹ́, kó sùn tì í. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àwo tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.

Ṣé o mọ ọ̀nà tó ń gbà dé ọpọlọ? Imú ló ń gbà wọlé, ó sì ń fìdí kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfọhùn. Ọjọ́ tí CD4 bá wálẹ̀, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè lọ sí awọ tó bo ọpọlọ. Yírunyírun ni ó dà nígbà náà, ṣùgbọ́n yírunyírun tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, kò dà bí èyí tó ń pa ọmọdé láàrin ọjọ́ kan sí méjì nígbà ọyẹ́.

Iye ẹ̀mí tó ń bá a lọ

Ṣé o mọ̀ pé ní 2020, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ènìyàn 152,000 tó ní HIV ni yírunyírun Cryptococcus mú kárí ayé, tí 112,000 nínú wọn sì kú? Nínú ènìyàn 100 tí àrùn AIDS pa, nǹkan bí 19 ló jẹ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ló gbẹ̀mí wọn. Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó léwu jù fún ènìyàn? Mọ́kàndínlógún ni wọ́n kà. Mẹ́rin ló wà ní ipò tó burú jù: Cryptococcus neoformans, Candida auris, Aspergillus fumigatus àti Candida albicans.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò bá rí ìtọ́jú gbà fún yírunyírun yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ń yè? Ẹni tó bá sì rí ìtọ́jú tó péye gbà lásìkò, nínú mẹ́rin bíi tirẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta ló máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ohun tó wà láàrin ikú àti ìyè níbí kò ju àsìkò àti oògùn lọ.

Àmì tí kò yẹ ká fojú fò

Ṣé o mọ bí ẹ̀fọ́rí yìí ṣe ń ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Á fọ́ lónìí, á fọ́ lọ́la, á pé ọ̀sẹ̀ kan, á pé méjì, á máa le sí i. Oògùn ìrora á mú un rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, á tún padà. Èébì á tẹ̀ lé e. Ara lè gbóná, ó sì lè má gbóná púpọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọrùn lè má le rárá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láìsí ọrùn líle, kò lè jẹ́ yírunyírun. Lára ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti tán, ọrùn a máa rọ̀ wọ̀ọ̀, àrùn á sì ti wà nínú orí.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ń bá a lọ? Omi tó ń kún agbárí a máa tẹ iṣan ojú. Aláìsàn á máa rí ẹnì kan bí ẹni méjì. Òmíràn á ní ojú òun ń ṣókùnkùn. Àwọn mìíràn ń fọ́jú pátápátá, wọ́n sì ń yè é bẹ́ẹ̀. Etí náà lè di.

Ṣé o mọ ìgbà tí ẹbí máa ń ṣìnà jù? Ìgbà tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ tí kò ní orí tàbí ìdí, tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, tí ó ń jà bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní ayé ti ṣe é, wọ́n á gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn lọ síbi àdúrà tàbí ibi ètùtù. Ẹ gbàdúrà, kò burú. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gbà á. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn yìí wà lára àwọn àmì tó burú jù tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ aláìsàn. Wákàtí tí a bá fi gbé e kiri kò ṣeé rà padà.

Àyẹ̀wò

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú 10 péré ni àyẹ̀wò Cryptococcus ń gbà? Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó yà, kí omi ẹ̀jẹ̀ dá dúró lókè. Wọ́n á kán ẹ̀kán kan omi àyẹ̀wò sínú ìgò tín-ínrín, wọ́n á fi omi ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n á sì ti pátákó pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, tí kò tóbi ju ti àyẹ̀wò oyún lọ. Ìlà kan: kò sí. Ìlà méjì: ó wà. Kò nílò fíríìjì, kò nílò iná mànàmáná láti kà á. Ọdún 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Ṣé o mọ ohun tí pátákó yẹn ń wá? Ohun yíyọ̀ kan ló bo ara Cryptococcus, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ara rí i gbá mú. Ohun yíyọ̀ náà a máa já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń sá pa mọ́ gan-an ni àyẹ̀wò fi ń mú un.

Ṣé o mọ̀ pé a lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́? Nítorí èyí ni WHO ṣe ní kí wọ́n yẹ gbogbo àgbàlagbà tó ní HIV tí CD4 rẹ̀ wálẹ̀ ju 100 lọ wò, àti àwọn tí tiwọn wálẹ̀ ju 200 bí àyè bá wà, kódà bí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, tí kò sì tíì dé ọpọlọ, hóró fluconazole lè dáàbò bò ó.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tanzania àti Zambia nígbà tí wọ́n dán èyí wò? Ènìyàn 1,999 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, gbogbo wọn ló sì rí oògùn HIV gbà. Apá kan rí àyẹ̀wò Cryptococcus pẹ̀lú, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ sì ń lọ wò wọ́n nílé lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ikú dín ní ìdá 28 nínú 100 láàrin ọdún kan. Àbájáde náà jáde ní 2015. Àwọn tó ń lọ sílé aláìsàn kì í ṣe dókítà. Kò sí abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu tí a kò lè rí irú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé kí pátákó yìí tó dé, dúdú ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ń wá a? Wọ́n á fi dúdú náà po omi ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á gbé e sábẹ́ awò máíkíróskóòpù. Ibi gbogbo á ṣókùnkùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì hàn gbangba bí òrùka ìmọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní pátákó lè lò ó síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí a ń bẹ̀rù

Ṣé o mọ ìdí tí dókítà fi ń fa omi láti ẹ̀yìn? Aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ká orúnkún dé àyà, á tẹ orí ba. Nọ́ọ̀sì á dì í mú níwájú, á máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Dókítà á wá àárín eegun ìbàdí méjì, á fi oògùn pa ibẹ̀ kú, á wá ti abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Omi á máa gòkè nínú ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí ó bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, omi ti pọ̀ jù ní agbárí, wọ́n á jẹ́ kó máa kán títí á fi wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń ní kó tó tán pé orí àwọn ti fúyẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kì í kan okùn iṣan ẹ̀yìn? Okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn ti parí sókè ibi tí wọ́n ń gún. Ìdí rẹ̀ tí a fi ń gbọ́ pé "abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló pa á" ni pé ẹbí ti pẹ́ kí wọ́n tó gbà, àrùn ti gba gbogbo orí. Ìwádìí kan ní 2014 fi hàn pé àwọn tí wọ́n tún fa omi náà fún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ń yè ju àwọn tí wọn kò tún fà á fún lọ. Bí dókítà bá ní kí wọ́n tún un fà lọ́la, gbà.

Oògùn àti ibi tí wọ́n ti wá

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin méjì ló kọ́kọ́ rí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ṣeé lò fún ènìyàn láìséwu? Elizabeth Hazen àti Rachel Brown ni, ní New York, lọ́dún 1950. Inú ilẹ̀pa oko kan ní Virginia ni wọ́n ti rí i. Nystatin ni wọ́n pè é, òun náà ni wọ́n ṣì ń kán sẹ́nu ìkókó tí ahọ́n rẹ̀ funfun. Owó tó wọlé lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Wọn kò fi kọ́bọ̀ sápò ara wọn, ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni amphotericin B náà ti wá? Ilẹ̀pa etí odò Orinoco ní Venezuela ni, láàrin ọdún 1950 sí 1959. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tó mú kí ènìyàn máa yè nínú yírunyírun Cryptococcus.

Ṣé o mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol wà lára awọ fọ́ńgọ́ọ̀sì, kò sí lára tiwa. Amphotericin á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, awọ á bàjẹ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì kú.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn dókítà pàápàá fi ń bẹ̀rù rẹ̀? Ara aláìsàn á máa gbọ̀n rìrì, ibà á gùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, kíndìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́, èròjà potassium á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fa omi iyọ̀ sí i lára, tí wọ́n ń fún un ní potassium, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọgbọ́n dá: wọ́n fi ọ̀rá wé oògùn náà kó má bàa tètè ba kíndìnrín jẹ́. AmBisome ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe flucytosine fún lọ́dún 1957? Kò wo jẹjẹrẹ. Wọ́n wá rí i pé bó bá wọ inú fọ́ńgọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di májèlé tó ń pa á. Hóró ni, ẹnu la fi ń gbé e mì. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣọ̀wọ́n gan-an ní Áfíríkà tó nílò rẹ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé fluconazole nìkan kò tó? England ni wọ́n ti ṣe é, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1990. Ó rọrùn láti gbé mì, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún funfun ẹnu àti ti ọ̀fun. Ṣùgbọ́n nínú yírunyírun, ńṣe ló kàn ń dí fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kì í tètè pa á. Níbi tí òun nìkan bá wà, iye tó ń kú ti ju ìdajì lọ nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Áfíríkà.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà ló yí ìtọ́jú yìí padà fún gbogbo ayé? Ní Màláwì, Zambia, Tanzania àti Cameroon, ìwádìí tó jáde ní 2018 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan amphotericin pẹ̀lú flucytosine dára ju ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ikú wálẹ̀ sí 24 nínú 100.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó báyìí? Ìwádìí AMBITION ni, tó jáde ní oṣù kẹta, 2022. Aláìsàn 814 ní Botswana, Màláwì, Gúúsù Áfíríkà, Ùgáńdà àti Zimbabwe ni wọ́n ka àbájáde wọn. Apá kan gba amphotericin ọlọ́jọ́ méje. Apá kejì gba amphotericin aláwé-ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì ń lo hóró flucytosine àti fluconazole fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, 28.7 nínú 100 ti kú ní apá àkọ́kọ́, 24.8 ní apá kejì, ìpalára oògùn sì kéré sí i lára àwọn wọ̀nyí. Láàrin oṣù díẹ̀, WHO sọ ọ́ di ìtọ́jú àkọ́kọ́. Rò ó wò fún ilé ìwòsàn kékeré tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò pọ̀: ọjọ́ kan ìfàmísára dípò méje.

Ṣé o mọ iye tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí ń náni? Mílígíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni kílò 60 nílò 600, ìyẹn ìgò 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ Gilead kéde dọ́là 16.25 lórí ìgò kan fún àwọn orílẹ̀-èdè 116 tí kò lówó púpọ̀. Dọ́là 195 nìyẹn fún ẹni náà. Àgbẹ̀ Kétu kò lè dá a san. Ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ lè san án.

Ṣé o mọ̀ pé yíyára lo oògùn HIV lè pa aláìsàn yìí? Ìwádìí ní Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní 2014, fi ènìyàn 177 hàn wá. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, 45 nínú 100 kú láàrin oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tó dúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 30 nínú 100 ló kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, dókítà ló ń pinnu.

Ṣé o mọ̀ pé dexamethasone, tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ń ṣe àwọn tó ní yírunyírun yìí ní jàǹbá? Wọ́n dán an wò ní Éṣíà àti ní Áfíríkà, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró láìpé ọjọ́ nítorí ìpalára. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ́jú kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé? Fluconazole ṣì ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní ìwọ̀n ńlá, lẹ́yìn náà ní ìwọ̀n kékeré fún ọdún kan ó kéré tán, títí CD4 yóò fi gbéra. Ẹni tó bá dá a dúró nítorí pé ara ti yá, àrùn lè padà.

Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì yòókù

Ṣé o mọ̀ pé irú Histoplasma kan wà tó jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀? Awọ ara, eegun àti kókó ọrùn ló ń bá jà. Àwọn olùwádìí rí i nínú ilẹ̀ ihò àpáta Ogbunike ní Nàìjíríà, níbi tí imí àdán ti pọ̀. Egbò rẹ̀ lè jọ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì lè jọ ti Buruli tí ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pobè. Egbò tí kò bá gbọ́ oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ṣé o mọ̀ pé Histoplasma wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ? Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ìtọ̀ ènìyàn 988 tó ní HIV tó ti le wò ní Nàìjíríà, 76 ló ní ìpasẹ̀ Histoplasma. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ti ń ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé o mọ̀ pé Pneumocystis, tó ń gbẹ èémí mọ́ni láyà, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, síbẹ̀ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í sábà wò ó? Kò ní ergosterol. Cotrimoxazole, Bactrim tí gbogbo wa mọ̀, ló ń wò ó. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tí CD4 rẹ̀ wálẹ̀ ní hóró yẹn lójoojúmọ́. Má fojú kékeré wò ó.

Ṣé o mọ̀ pé bí oúnjẹ bá ń dun ẹni tó ní HIV lọ́fun, Candida lè ti dé ọ̀nà ọ̀fun? Àmì ni pé agbára ara ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kí ó béèrè àyẹ̀wò CD4.

Ṣé o mọ̀ pé ikọ́ lè padà lẹ́yìn tí ẹnì kan ti parí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó má sì jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́? Aspergillus fẹ́ràn ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí agbára ara rẹ̀ kò tó, kó má ṣe máa gbọn àgbàdo tó ti bu.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní 2021? Lẹ́yìn COVID, ó lé ní 40,000 ènìyàn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú mú lójú àti nímú. Àtọ̀gbẹ tí kò sí ìkáwọ́ àti àlòjù oògùn bíi dexamethasone wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún un. Oògùn kan náà ni wọ́n ń tà láàárín ọjà wa.

Ṣé o mọ̀ pé ewé àsúnwọ̀n òyìnbó tí àwọn ìyá wa fi ń pa làpálàpá ní agbára lóòótọ́? Lójú awọ ara ni agbára rẹ̀ mọ. Kò lè dé inú ọpọlọ.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn ń bá oògùn jà? Rifampicin tí a ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa dín agbára fluconazole kù. Fluconazole púpọ̀ sì lè pa ọmọ inú lára ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Sọ gbogbo ohun tí o ń lò fún dókítà, títí kan àgbo.

Kí ni kí a ṣe ní ilẹ̀ Kétu?

Ṣé o mọ ibi tí ọ̀nà gbà? Ilé ìwòsàn ẹkùn tó wà ní Pobè ló ń bójú tó Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu. Sakété ni ti Sakété àti Ifangni. Bí ó bá kọjá agbára wọn, ilé ìwòsàn ńlá Ouémé-Plateau wà ní Porto-Novo, CNHU Hubert Koutoukou Maga sì wà ní Cotonou. Má dúró di ìgbà tí aláìsàn kò lè jókòó mọ́ kí o tó wá ọkọ̀.

Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là lẹ́nu ọ̀nà dókítà? Òun nìyí: "Mo ní VIH. Orí ti ń fọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ kan, oògùn ibà kò wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ mí wò fún Cryptococcus." Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ ọ́ níwájú èrò, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ bóyá òun ní VIH, tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kò lọ, kó béèrè àyẹ̀wò méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà tó dára jù láti dènà gbogbo rẹ̀ ni kí oògùn HIV má ṣe já? Ọ̀fẹ́ ni ní Benin. Ẹni tó ń lò ó déédéé, CD4 rẹ̀ á gbéra, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa kọjá lára rẹ̀ bó ti ń kọjá lára gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń lọ sí Ìmẹ̀kọ tàbí Ilara fún òwò, kó di oògùn rẹ̀ mọ́ ẹrù. Ẹni tó ti dá a dúró rí, kó padà lọ. Kò sí dókítà tó yẹ kó bínú sí i.

Ṣé o mọ ohun tó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ wa? Kí pátákó àyẹ̀wò Cryptococcus wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn HIV, láti Kétu dé Ifangni. Kí amphotericin aláwé-ọ̀rá àti flucytosine wà ní àpótí oògùn Pobè kí aláìsàn tó dé. Kí a kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera láàrin abúlé ní àmì rẹ̀. Bí olóyè, ìmáàmù, pásítọ̀ tàbí ìyálọ́jà bá ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi èyí kún un. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló fi ara wọn sílẹ̀ kí ayé tó mọ bí a ti ń wo àrùn yìí. Ẹ̀tọ́ wa ni pé kí oògùn náà dé Kétu, ojúṣe wa sì ni pé kí a tètè gbé aláìsàn wa lọ bá a.